Ọta kì í wọlé dáadáa nínú ìbọn .22 àtijọ́ mi

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìbọn .22 kan (èyí tí ọta rẹ̀ kéré) wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí wọ́n ń ki mágásíìnì, ìyẹn àpótí ọta, bọ abẹ́ rẹ̀. Bóyá ni kò fi jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ọta àkọ́kọ́ máa ń wọlé wẹ́rẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni yóò forí gbún etí ihò tó yẹ kó wọ̀, tí òjé orí rẹ̀ á tẹ̀ pẹrẹsẹ, tí bóòtù, irin tó ń ti ọta wọlé, á sì há. Mo ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Ọta olórí róbótó ń ṣe dáadáa díẹ̀ ju olórí pẹlẹbẹ lọ. Àmọ́ tí mo bá fọwọ́ ti mágásíìnì sókè, wàhálà tán! Ṣé ìkọ́ tó di mágásíìnì mú ló ti jẹ ni, àbí ètè mágásíìnì, ìyẹn etí òkè rẹ̀ tó di ọta mú, ló là jù? Ṣé a lè rọra fi ẹ̀mú tẹ ètè náà, àbí kí n kúkú ra mágásíìnì mìíràn?