Àbábọ̀: oyún mi mẹ́ta tó bàjẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo bèèrè láti Àkúrẹ́ pé ṣé ẹ̀jẹ̀ dídì tí a jogún ló ń ba oyún mi jẹ́, mo ti dé.

Mo ṣe àyẹ̀wò Factor V Leiden (àbùkù tí a ń jogún tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tètè dì) tí àwọn kan dábàá. Owó ńlá ni, wọn ò sì rí nǹkan kan. Dókítà ní kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó ní kí n ṣe àyẹ̀wò àìsàn antiphospholipid ló mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe àjogúnbá. Ara ló ń bá ara rẹ̀ jà, tí ẹ̀jẹ̀ á fi máa dì. Ó jáde pé mo ní in. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó, ó tún jáde.

Aspirin kékeré àti abẹ́rẹ́ heparin (tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) lójoojúmọ́ ni wọ́n fún mi nígbà tí mo tún lóyún. Ojú abẹ́rẹ́ bo gbogbo ikùn mi, àmọ́ ọmọbìnrin mi pé oṣù méjì lánàá! Mo ṣì gba abẹ́rẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ.

Ó ku ìfètò-sọ́mọ-bíbí: wọ́n ní kí n yẹra fún èyí tó ní estrogen (họ́mónù obìnrin tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì), a ò sì tíì mú òmíràn.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá.