Ọyẹ́ Jos àti adìẹ ẹ̀yìnkùlé mi: méjì kú lóru àná

Ìyá Àdùkẹ́, Rayfield

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ adìẹ sísìn lọ́dọ̀ ìyá mi. Ọyẹ́ ibẹ̀ kò ju kí ètè ènìyàn là lọ. Ọdún kẹta rèé tí iṣẹ́ ọkọ mi gbé wa wá sí Jos, ṣùgbọ́n ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbébọ̀ mẹ́rìnlá ni mo ní, àkùkọ kan, àti ogún òròmọdìẹ tí wọn ò tíì ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Pákó ni ilé àwọn àgbà, páànù ló bò ó, nẹ́ẹ̀tì onírin ló wà níwájú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọyẹ́ sì ń fẹ́ gbà wọlé.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, omi inú abọ́ wọn ń tutù lóru bí omi inú fíríìjì. Tẹmómítà tí ọmọ mi so mọ́ ògiri ka dígírì 11 láàárọ̀ Mọ́ńdè. Àánú wọn ṣe mí. Mo fi tapólìnì wé ilé náà yípo, mo fi àkísà dí àlàfo abẹ́ páànù, mo sì gbé ìkòkò eédú tó ń jó sí igun kan, mo fi bíríkì yí i ká kí wọ́n má baà jóná. Alẹ́ àkọ́kọ́, ilé móoru, inú mi dùn. Àná ni alẹ́ kejì. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́fà àárọ̀ yìí, méjì ti kú. Ọ̀kan nínú wọn ni àgbébọ̀ dúdú tó máa ń wọlé wá yé sínú agbọ̀n aṣọ mi. Àwọn yòókù ń rìn bí ẹni mutí.

Wọn ò wúkọ́, wọn ò yàgbẹ́ olómi, ọrùn wọn ò lọ́. Aládùúgbò mi ní òtútù ló pa wọ́n, kí n fi ìkòkò eédú kejì kún un lálẹ́ òní. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ẹlẹ́yin, Bukuru

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò. Ẹ dákun, ẹ gbé eédú yẹn jáde báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Òtútù kọ́. Eédú tó bá ń jó níbi tí a dí pa máa ń tú gáàsì kan sílẹ̀ tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó dára ráyè níbẹ̀. Ẹni tó bá ń mí in símú á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, oorun á gbé e lọ, kò ní jí. Bí ẹ ṣe ní wọ́n ń rìn bí ẹni mutí yẹn ló jẹ́ kí àyà mi já. Òun náà ló ń pa ènìyàn nínú yàrá lásìkò ọyẹ́. Bí eédú bá wà ní yàrá àwọn ọmọ, ẹ gbé ìyẹn náà síta.

Ara adìẹ gbóná ju tiwa lọ, ó ń lọ sí dígírì 41. Ìyẹ́ ni aṣọ òtútù tirẹ̀. Bí òtútù bá mú un, á fẹ ìyẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó gbóná lè dúró sáàárín, á jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀, á ki orí bọ abẹ́ apá. Dígírì 11 kì í pa adìẹ tó ti gún ìyẹ́, tó sì yó. Èyí tó ń dà á láàmú ni kí atẹ́gùn máa fẹ́ lù ú níbi tó sùn sí, tàbí kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin. Adìẹ ń mí, ó ń yàgbẹ́ mọ́jú. Bí ọ̀rinrin èémí àti ìgbẹ́ yẹn ò bá ríbi gbà jáde, orí wọn ló ń padà sí, òórùn ìgbẹ́ náà á sì máa ba ọ̀nà ọ̀fun wọn jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín tó ibi tí tiwọn wà láàárọ̀. Bí ó bá ń ta yín lójú, afẹ́fẹ́ ò tó.

Ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni kí ẹ fi tapólìnì dí, kó ga kọjá orí wọn níbi tí wọ́n ń sùn. Àkísà abẹ́ páànù, ẹ yọ ọ́, kí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ẹ ra àpò méjì nínú pákó tí wọ́n fá, ẹ tẹ́ ẹ kó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, èyí tó bá tutù ni kí ẹ máa kó dànù. Ẹ fún wọn ní àgbàdo díẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀ lálẹ́. Èmi ti ń ṣe é báyìí ní Bukuru níbí láti ọdún 2004.

Ìyá Àdùkẹ́, Rayfield

Bàbá, mo ti gbé e jáde, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Eédú wà ní yàrá àwọn ọmọ aládùúgbò mi! Mo ti sáré lọ sọ fún un, ó ti gbé e síta. Àwọn òròmọdìẹ wà nínú páálí ní kíṣìnì. Wọ́n ń ké ṣáá. Ṣé àwọn náà ò nílò iná?

Adérónkẹ́, Gwagwalada

Ẹ̀gbọ́n mi, ti òròmọdìẹ yàtọ̀, àwọn nílò ooru gan-an. Wọn ò tíì ní ìyẹ́ gidi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, dígírì 32 sí 35. Lẹ́yìn náà ẹ máa dín in kù ní bíi dígírì mẹ́ta lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tiyín yẹ kó wà ní bíi 30 báyìí. Bí iná ọba bá wà, ẹ so gílóòbù sí apá kan páálí, kí apá kejì tutù díẹ̀ kí wọ́n lè sá síbẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín wọn, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gun ara wọn lórí tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá mọ́ ẹ̀gbẹ́ páálí tí wọ́n ya ẹnu, ooru ti pọ̀ jù.

Nǹkan kan wà tí ẹ ò bi wá. Àsìkò ọyẹ́ ni lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle, máa ń jà. Ẹ má dúró dìgbà tí ọrùn bá lọ́. Itòsí yín ni Vom wà, níbi tí ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti ọdún 1924. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Ẹ bi dókítà ẹran léèrè Lasota, ọ̀kan nínú àjẹsára lúkúlúkú tí wọ́n ń fi omi pò fún adìẹ mu. Inú yìnyín ni kí ẹ fi gbé e délé. Omi kànga ni kí ẹ pò ó mọ́, má jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà sí. Ẹ jẹ́ kí òǹgbẹ kọ́kọ́ gbẹ wọ́n fún wákàtí kan, kí wọ́n lè mu ún tán kíákíá.

Délé, Kubwa

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ti àwọn àgbà. Mo ṣiṣẹ́ ní oko kan nítòsí Winnipeg, ní Kánádà, níbi tí òtútù ń bọ́ sí dígírì 30 sísàlẹ̀ òdo. Ọ̀gá mi kì í tan iná kankan fún adìẹ àgbà, ojú afẹ́fẹ́ òkè ilé wọn kì í sì í tì, àní bí yìnyín bá ń bọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni omi tó ń di yìnyín nínú abọ́ àti ogbe ńlá tí òtútù ń jẹ lẹ́nu, ẹ̀yin ò ní ìkankan nínú rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, Rayfield

Ọjọ́ kọkànlá rèé. Àgbébọ̀ méjìlá àti àkùkọ ṣì pé. Tapólìnì ẹ̀gbẹ́ kan ló kù, mo sì ti tẹ́ pákó fífá sí abẹ́ wọn. Láàárọ̀ àná tí tẹmómítà ka 10, mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ bí Bàbá ṣe wí, ojú ò ta mí. Ẹyin mẹ́ta ni mo ń rí lọ́jọ́ nígbà tí mo wé e pa. Mẹ́fà ni mo kó lónìí. Lasota di Ọjọ́bọ̀, mo ti bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀.

Òròmọdìẹ kan kú lọ́jọ́ tí iná lọ láti ìrọ̀lẹ́ tí oorun sì gbé mi lọ. Ó dùn mí. Láti ìgbà náà, aago mẹ́ta òru ni mò ń dìde pààrọ̀ omi inú ike. Lóru àná tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, kò sí èyí tó ké. Wọ́n na ara sílẹ̀ káàkiri páálí bí ẹ̀wà tí a dà sórí atẹ.