Ìdáhùn: Orin ìdágbére àti orin ìsìnsọ́nà, fún orin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Japan ń kọ lọ́jọ́ ìjáde

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Arábìnrin wa tó ń túmọ̀ àkójọ orin ilé-ìwé láti èdè Japan béèrè ohun tí a ó máa pe sotsugyō songu, ìyẹn orin tí wọ́n ń yàn fún ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá ń kúrò nílé-ìwé, orin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbé e, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ó tún fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí òun fi síwájú nínú àkójọ náà. Bàbá wa kan ní kí á pè é ní orin arò. Ẹlòmíràn ní orin ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Ẹnì kẹta dábàá orin amọ́kànmì. N kò gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó lọ tí kò ní bọ̀ là ń kọ arò fún. Ní Japan, oṣù kẹta ni ọdún ẹ̀kọ́ ń parí, oṣù kẹrin ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń nu ojú nínú gbọ̀ngàn lónìí, kò ní pẹ́ kó tó wọ aṣọ ilé-ìwé mìíràn. Àwa náà sì ní irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. Oúnjẹ ń lọ, ìlù ń dún, ọmọbìnrin ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá tó tọ́ ọ dàgbà, ó ń tọrọ ìre kó tó kúrò lójúde wọn. Ta ló pe ìyẹn ní arò rí? Àní ọ̀kan nínú àwọn orin tí ilé-ìwé Japan fẹ́ràn jù fún ọjọ́ yìí, 3-gatsu Kokonoka tí ẹgbẹ́ Remioromen gbé jáde ní 2004, ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ kò ju ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta lọ. Inú oṣù ìjáde ni ọjọ́ náà bọ́ sí, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì gbà á mọ́ra.

Ẹnì kan lè wá ní kí á kúkú pè é ní ẹkún ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n sísun là ń sun ẹkún ìyàwó, a kì í kọ ọ́ bí orin. Ohun tí àwọn ọmọ Japan ń ṣe, orin ni, ohùn mẹ́ta tó ń gba ara wọn lẹ́nu, pẹ̀lú dùùrù.

Ti ìkẹ́kọ̀ọ́yege kò gba wàhálà. Ìdánwò là ń yege. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ dandan ní Japan, wọn kì í sì í sábà dá ọmọ dúró láti tún kíláàsì kà, nítorí náà kì í ṣe yíyege ni wọ́n ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀. Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ló bá sotsugyō mu, nítorí pé píparí iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Ẹni tó mú amọ́kànmì wá, kandō ló ń tẹ̀lé, ọ̀rọ̀ Japan fún ohun tó wọni lọ́kàn, tí lẹ́tà rẹ̀ kan jẹ mọ́ ìmọ̀lára, tí èkejì jẹ mọ́ mímì. Mo yìn ín fún ìtọpinpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ní ọkàn òun mì, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí a bá kàn fẹ́ sọ bí orin náà ṣe ń ṣe ni, gbogbo wa ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan gbomi lójú ẹni, àwọn oníròyìn ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó máa ṣi orin agbomilójú gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé orúkọ kan ṣoṣo kò tó. Ẹ wo bí ètò náà ṣe ń lọ. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni wọ́n sábà ń lò. Olùkọ́ á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á dáhùn "hai!", á dìde, á gun pèpéle, á tẹrí ba fún ọ̀gá ilé-ìwé, á fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kù sílé-ìwé á ka sōji, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sin wọ́n lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jáde á sì ka tōji, èsì ọ̀rọ̀ náà. Orin náà pín bẹ́ẹ̀. Èyí jẹ́ ti ẹni tó ń lọ, èyí jẹ́ ti ẹni tó dúró. Bí olùkọ́ bá ṣì í yàn, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ á máa fi ẹnu ara wọn sọ, ojú kò sì ní ṣomi kankan.

Nítorí náà, àbá mi nìyí: orin ìdágbére fún ti ẹni tó ń lọ, orin ìsìnsọ́nà fún ti ẹni tó dúró. Bí ràn lọ́wọ́ ṣe bí ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni sìn sọ́nà lè bí ìsìnsọ́nà. Onílé tó mọ àlejò í ṣe kì í jókòó sórí àga kó máa juwọ́. Á bá a dé ẹnu ọ̀nà, nígbà mìíràn á bá a dé oríta, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kíra wọn pé ó dàbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi orúkọ méjèèjì wo àwọn orin náà. Aogeba Tōtoshi wà nínú ìwé orin ilé-ìwé tó jáde ní 1884. Ẹni tó ń lọ ló ni ín, ó ń dúpẹ́ oore lọ́wọ́ olùkọ́. (Ní 2011 ni wọ́n tó rí i pé orin ìparí ilé-ìwé kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1871 ni ohùn rẹ̀ ti wá.) Èdè àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Ibi tó ti sọ pé ọdún wọ̀nyí mà yára o, ito toshi ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n itoshi ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́, ìyẹn ọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì ń fo ẹsẹ kejì, nítorí pé ó ń sọ fún ọmọ pé kó di ẹni ńlá, kó ní orúkọ. Ní tèmi, kí arábìnrin wa tú ẹsẹ kejì náà. Àdúrà òbí Yorùbá fún ọmọ kò yàtọ̀ sí i.

Hotaru no Hikari ti 1881 ló le jù láti pín. Ohùn Auld Lang Syne ti ilẹ̀ Scotland ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn Ṣáínà nípa àwọn òtòṣì akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó epo àtùpà, tí ọ̀kan fi iná tanátaná kàwé, tí èkejì fi ìmọ́lẹ̀ yìnyín kà á. Ẹsẹ kejì rẹ̀ sọ pé tomaru mo yuku mo, àti ẹni tó dúró àti ẹni tó ń lọ, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún èrò lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fi kọrin: sakiku, kí o wà lálàáfíà. Orin ìdágbére ni, orin ìsìnsọ́nà sì ni. Kí gbogbo gbọ̀ngàn jọ kọ ọ́.

Orin tí wọ́n ń pè ní "Tabidachi no Hi ni" (Ní Ọjọ́ Ìrìnàjò) ló wá jẹ́ ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ní 1991, nílé-ìwé Kagemori ní ìlú Chichibu, ìpínlẹ̀ Saitama, olùkọ́ orin, Sakamoto Hiromi, bẹ ọ̀gá ilé-ìwé, Kojima Noboru, pé kó kọ ọ̀rọ̀ orin fún àwọn ọmọ tó ń jáde. Ọ̀gá kọ ọ́, olùkọ́ fi ohùn sí i, àwọn olùkọ́ sì kọ ọ́ fún àwọn ọmọ níbi ètò ìsìnsọ́nà wọn. Ọdún tí ọ̀gá náà fẹ̀yìn tì nìyẹn. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ gbà á kọ fúnra wọn, orin náà sì tàn ká ilé-ìwé Japan. Orin ìsìnsọ́nà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ó di ìdágbére lẹ́nu àwọn ọmọ. Bí a bá ní orúkọ kan ṣoṣo, báwo la ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí? Òun ni kó ṣáájú nínú àkójọ náà.

Ẹ ṣọ́ra fún Okuru Kotoba, tí ẹgbẹ́ Kaientai kọ ní 1979. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú sōji, okuru ni wọ́n tún ń pè é, sísìn ló sì túmọ̀ sí. Okuru ti orin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn kan náà ni wọ́n fi ń pè é, lẹ́tà mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tó túmọ̀ sí fífi ta ni lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ Ìtọrẹ ni kí á túmọ̀ àkọlé rẹ̀ sí. Bó ti wù kó rí, abẹ́ ìsìnsọ́nà náà ló wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìsìnsọ́nà sún mọ́ ìsìnkú jù. Sin òkú ló bí ìsìnkú, sọ́nà tó sì wà nídìí tiwa kì í jẹ́ kí á ṣì í gbọ́. Kò sẹ́ni tí í sin òkú sọ́nà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Èkìtì bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún sísin àlejò dé oríta, ẹ bá wa fi ránṣẹ́ síbí kí arábìnrin wa tó kó iṣẹ́ rẹ̀ fún atẹ̀wé.