Kí ni mo lè lò tí á máa rán àwọn olórí ẹ̀ka létí ímeèlì mi?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà. Lóṣooṣù ni mo ń kọ ímeèlì sí olórí ẹ̀ka mẹ́sàn-án pé kí rìsíìtì ìnáwó wọn dé ọwọ́ mi kó tó di ọjọ́ 25. Ẹni méjì ló ń dáhùn. Àwọn tó kù, àfi kí n máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn bí alájọ. Ọ̀gá mi ní kí n wá nǹkan tí á máa rán wọn létí fúnra rẹ̀. Gmail la ń lò. Kí lẹ ń lò níbi tiyín?

Ẹ̀rọ-ò-le
Ẹ kú wàhálà mà. Ẹ lọ sí Settings, lábẹ́ General, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Nudges sí. Ẹ máàkì ìlà tó jẹ mọ́ ímeèlì tí ẹ ti fi ránṣẹ́. Bí èsì ò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á gbé e padà sókè níwájú yín. Láti 2018 ló ti wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n èmi nìyẹn ń rán létí, kì í ṣe àwọn!

Akọ̀wé Àgbà
Ohun tó sì yẹ gan-an nìyẹn, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ò mọ àgbà. Níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi Schedule send (èyí tó ń jẹ́ kí ímeèlì lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá yàn) to ímeèlì mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀gá wa. Ọ̀gá dáhùn èkíní lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ náà gbàgbé láti fagi lé èyí tó kù. Ní Ọjọ́rú: “A ò tíì gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ yín, sà.” Ní ọjọ́ Ẹtì: “ÌRÁNNILÉTÍ ÌKẸYÌN”, lẹ́tà ńlá ńlá. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó gbé e wọ ìpàdé.

Ọmọ Ìbàdàn ní Lọ́ńdọ̀nù
Háà, bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ Schedule send kì í wò bóyá èsì ti dé, ó kàn ń fi nǹkan ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n ní kó fi í ránṣẹ́ ni.

Àǹtí, èyí tó máa ń wo èsì kọ́kọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ ṣí Google Sheets: orúkọ, ímeèlì, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ, àti òpó kan tí ẹ pè ní “Ó ti dé”. Ní Extensions, ẹ ṣí Apps Script, níbi tí a ti ń kọ àṣẹ (script) tí ẹ̀rọ á máa tẹ̀ lé, kí ẹ ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ẹni tí òpó tirẹ̀ bá ṣófo ló máa kọ̀wé sí. Bí ẹ bá ti kọ “bẹ́ẹ̀ ni” síbẹ̀, ó parí. Àkáǹtì Gmail ọ̀fẹ́ lè kọ sí ẹni 100 lójúmọ́ báyìí, ẹni mẹ́sàn-án ò tó nǹkan. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kó sinmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀rọ-ò-le
Ó dáa. Mo lè bá yín kọ ọ́.

Àdùkẹ́ HR
Kí ẹ tó máa kọ script, báwo ni orí ímeèlì yín ṣe rí? “Ìbéèrè” lásán ò lè mú ẹnikẹ́ni dìde. Èmi máa ń kọ “Rìsíìtì ẹ̀ka yín, kó tó di aago 12 Ọjọ́bọ̀”. Ẹ má sì kó àwọn mẹ́sàn-án pọ̀ sójú kan, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíì á dáhùn.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Mo ti ṣe é o, Ẹ̀rọ-ò-le ló bá mi kọ ọ́. Mo yí orí ímeèlì padà, mo kọ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ti dé láìjẹ́ pé mo dìde lórí àga. Kìkì pé láàárọ̀ àná, script kọ “Ẹ jọ̀wọ́ sà” sí Màmá olórí ẹ̀ka ìpolówó. Wọ́n dá a padà: “Ìgbà wo ni mo di bàbá?” Mo ti fi òpó “sà/mà” kún un.