Ẹ wá sọ tiyín: eré tí ẹ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa èèyàn, odò àti igbó

Tíṣà Ìbàdàn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

JSS 2 ni mò ń kọ́, ọmọ 47 ló wà ní kíláàsì mi. Wọ́n ní kí n ṣe eré kan tó dá lórí àyíká fún ìparí sáà. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ ọ́ tán. Mo sọ odò Ògùnpa di èèyàn, mo wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, mo sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: "Ẹ̀yin ọmọ aráyé, ẹ yé da ìdọ̀tí sí mi nínú!" Ọ̀rọ̀ odò nìkan kún ojú ìwé méjì. Ọmọ tó ń ṣe odò há a sórí bí ìgbà tí wọ́n ń ka kirédò ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó kù sì ń tòògbé.

Lọ́jọ́ kẹta tí a ń dánra wò, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyá tó ń da ilẹ̀ sódò nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni kí ìyá yìí wá dà á sí? Mọ́tò kólẹ̀kólẹ̀ kì í dé àdúgbò wa."

Mi ò rí èsì fún un. Mo ti dá ẹjọ́ náà kí n tó gbọ́ tẹnu ẹni tí mo dá lẹ́bi. Mo ká ìwé náà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí gbogbo wọn lọ bi àwọn àgbà ilé wọn nípa omíyalé.

Ẹ ò rí ohun tí wọ́n kó bọ̀! Àwọn ìyá àgbà sọ ti ọjọ́ Sunday, 31 Oṣù Kẹjọ 1980, tí Ògùnpa kún àkúnya, tó wó ilé, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Àwọn òbí tó kéré sí wọn sọ ti 26 Oṣù Kẹjọ 2011, tí afárá já káàkiri ìlú. Ọmọ kan ní ohun tí ìyá bàbá òun kò lè gbàgbé ni ìkòkò ọbẹ̀ kan tó ń léfòó lọ lójú omi, ọmọrí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. A fi ìkòkò yẹn sínú eré.

Ọmọ 47 pọ̀ ju ẹni tí gbogbo wọn lè rí ọ̀rọ̀ sọ lọ, nítorí náà a sọ 30 nínú wọn di odò. Okùn gígùn méjì ni bèbè odò. Níbẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín okùn méjèèjì, àwọn 30 náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú orin, aṣọ àdìrẹ ní èjìká wọn. Ọkùnrin kan wá, owó ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjà ti wọ́n jù fún un, ó kọ́ tirẹ̀ sétí odò, ó sún okùn wọlé. Òmíràn fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo, òun náà sún un. Ìyá da ilẹ̀ nù, ọ̀rá píọ́ wọ́tà sì há sáàárín ẹsẹ̀ àwọn ọmọ odò. Kò sí ìkà kankan nínú wọn. Odò pàápàá ò bínú, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn fẹ́ kọjá ni. Nígbà tó ku ìgbésẹ̀ kan, ọmọ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù bí òjò, odò ò rọ́nà, ó ya.

Nígbà tí a ń dánra wò, ọmọ tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣàdédé fa okùn tirẹ̀ padà sẹ́yìn. Ó rí i pé ọ̀rẹ́ òun kò lè mí dáadáa láàárín èrò. Àwọn tó kù ò fa tiwọn. Mi ò kọ ìyẹn síbì kankan, ṣùgbọ́n a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè ló sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ó kọjú sí àwọn òbí pẹ̀lú agbọ̀n ìdọ̀tí lọ́wọ́: "Níbo ni kí n dà á sí?"

Ìyá Ọlọ́mọge, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n wa, Ọlọ́run á fún yín lókun sí i. Ọ̀rọ̀ okùn yẹn wọ̀ mí lára, torí pé àwọn baba wa níbí ti fa okùn sẹ́yìn rí. Gbogbo ọmọ Òṣogbo ló gbọ́ ìtàn Láróòyè àti Olútìmẹ́yìn dàgbà: wọ́n dé etí Òṣun, wọ́n gé igi, igi wó lu odò, ohùn kan sì dún láti ìsàlẹ̀ omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Wọ́n kó kúrò létí omi, wọ́n lọ tẹ̀dó sókè. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ fi ṣeré.

Òbí méjì kọ̀wé sí mi pé ọmọ àwọn ò ní ṣe òrìṣà. Mo gbà fún wọn, ilé wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. A ò wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe Òṣun rárá. Igi wó, a fọ́ ìkòkò gidi lẹ́yìn aṣọ funfun tí a ta, omi aró sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun aṣọ náà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ títí aró fi dé àárín aṣọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kí ọmọ kan dé adé lọ.

Kí a tó parí rẹ̀, mo kó wọn lọ sí Igbó Òṣun. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005: a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja. Àwọn ọmọ wo omi. Ó pọ́n bí ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Ọ̀kan nínú wọn rọra bi mí pé, "Mà, ta ló tún fọ́ ìkòkò aró wọn?"

Ìran tó parí eré nìyẹn. Ọmọkùnrin awakùsà wọlé, ó ń wá owó WAEC àbúrò rẹ̀.

Tíṣà Sátidé, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá ni mò ń kọ́ ní Yorùbá níbí. Mo kọ́kọ́ gbé igi ìrókò wá, ojú wọn ò tàn sí i. Ẹranko tí wọ́n mọ̀ ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń ya àpò ìdọ̀tí lóru níwájú ilé wọn. Mo pe Ìjàpá wá bá a, a fi àlọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ tí wọ́n sì ń rò ni ta ló ni òru àdúgbò.

Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ní kí àwọn ẹranko máa sọ Yorùbá, kí àwọn èèyàn máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́ ohun tí ẹranko ń gbèrò. Ọmọ tí kì í la ẹnu sọ Yorùbá nílé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé òun fẹ́ ṣe ẹranko. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ọlọ́mọge, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, irú okùn wo lẹ lò? Mo fẹ́ dán an wò ní sáà tó ń bọ̀.

Tíṣà Ìbàdàn

Okùn tí a fi ń fa omi nínú kànga ni. Ẹ má lo èyí tó tínrín, ó ń gé wọn lọ́wọ́. Ẹ fi ọmọ tó lágbára sí orí okùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá ké "ó tó", kí wọ́n jù ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.