Ṣé owó NDIS tí ìjọba Ọsirélíà kọ fún àkàndá ọmọ, owó àpò ni?

Àǹtí Gáà-Àkànbí (Ìlọrin):
Àsàlámù aláékùm, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi obìnrin wà ní Melbourne, ó ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún 6 tí kò lè dá dìde. Ó fi ìwé tí àwọn NDIS, ètò ìjọba Ọsirélíà tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn àkàndá ẹ̀dá, fún un hàn mí lórí WhatsApp. Nígbà tí mo rí iye dọ́là tó wà níbẹ̀, ẹnu yà mí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin gbọ́, wọ́n ní kó wá parí òrùlé ilé bàbá wa. Ó ní kọ́bọ̀ ò wọ ọwọ́ òun níbẹ̀, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ó tún fẹ́ kí màmá wa wá bá òun tọ́jú ọmọ, màmá sì ń bèèrè bóyá ìjọba á máa sanwó fún òun. Ẹkún ni àbúrò mi ń sun lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n?

Bọ̀dá Òfà:
Àǹtí, àwọn ẹ̀gbọ́n yín ò rí irú ẹ̀ rí ni. Òfin àkàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ fọwọ́ sí níbí ní 2019, ìyàsọ́tọ̀ ló kà léèwọ̀, kò ya owó sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Túndé dá yín lóhùn.

Ìyá Túndé (ọmọ Òmù-Àrán, Adelaide):
Ẹ kú ìtọ́jú, Àǹtí mi. Àbúrò yín ò purọ́ rárá. Túndé tèmi náà wà lórí NDIS. Owó yẹn kì í wọ àpò òbí bí owó oṣù. Ohun tí wọ́n kọ ni iye tí wọ́n lè ná lórí ìtọ́jú ọmọ náà títí àkókò ìwé yẹn á fi parí, wọ́n sì ti pín in. Apá kan wà fún ẹni tí yóò máa wá wẹ̀ ẹ́, tí yóò wọ aṣọ fún un. Apá kan wà fún àwọn tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa dá ṣe nǹkan. Òmíràn wà fún ohun èlò ńlá bí àga oníkẹ̀kẹ́. Owó ilé àti oúnjẹ ò sí níbẹ̀.

Ẹ wò ó: wákàtí kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá ọmọ na ẹsẹ̀ lè tó 180 dọ́là. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọdún kan, 9,360 ti lọ! Bí òbí bá fi kọ́lé, ìjọba lè ní kó dá a padà.

Ti màmá, wọn kì í sábà sanwó fún ẹbí. Kí wọ́n wá nítorí ọmọ-ọmọ wọn ni.

Àǹtí Gáà-Àkànbí:
Ọlọ́run á bá wa wo Túndé o. Àbúrò mi ní wọn ò fọwọ́ sí àga tí òun bèèrè fún ọmọ òun. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ìyá Túndé:
Kò tíì parí! Oṣù 3 ló ní láti ọjọ́ tí ìwé ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó ní kí NDIA, àjọ tó ń bójú tó NDIS, tún un yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, Administrative Review Tribunal wà, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń tún ìpinnu àwọn àjọ ìjọba yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá fi gbè é lẹ́sẹ̀ ló ń jà fún un. "Ọmọ yìí nílò àga" kò tó. Kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ ọ́ pé bí ọmọ bá jókòó lórí àga lásán, ọrùn rẹ̀ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó jẹun tán, oúnjẹ á sì máa há a lọ́fun. Àti pé pẹ̀lú àga yìí, á lè jókòó ti tábìlì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Bó bá ṣe rí lára ọmọ gan-an ni kí wọ́n kọ. Ẹ fún un ní nọ́ńbà mi, a ó jọ ka ìwé náà lálẹ́ òní.