"Ìkówójáde" kọ́ ni orúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkòròdú ní kí a máa pe owó tí iléeṣẹ́ fi dá òwò sílẹ̀ nílùú òkèèrè ní "ìkówójáde". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè gbà á. "Kó" yẹn ló bà á jẹ́. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti tọ́ mi, bí wọ́n bá ní ẹnìkan kó owó jáde, "owó ta ni?" ló kàn. Òun náà ló wà nínú kólékólé, òun ló wà nínú ìkówójẹ. Ìyá mi àgbà tó ta aṣọ ní Bàlógun, "mo fowó sí i" ni wọ́n ń wí.

A sáà ti ní ìdókòwò. Ẹ tú u wò: dá, oko, òwò. Ẹni tó dá oko ọ̀nà jíjìn kún oko etílé kò sá nílé. Irúgbìn tí kò sí nílé ló ń mú bọ̀.

Ẹ wo Geely, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti Ṣáínà. Ní 2010 ló ra Volvo Cars lọ́wọ́ Ford. Ní 2013 ó dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Gothenburg, ní Sweden, àwọn àti Volvo sì jọ ṣe ìpìlẹ̀ ọkọ̀ kan tí wọ́n kan ọkọ̀ XC40 ti Volvo àti ti Geely tó ń jẹ́ Lynk & Co 01 lé. Owó jáde, ìmọ̀ wọlé. Ibo ni "ìkówójáde" ti sọ ìyẹn? Àmọ́ iléeṣẹ́ tí kò ní ẹnjiníà tó lè gba ẹ̀kọ́ náà nílé, owó rẹ̀ nìkan ni yóò lọ. Àwọn tí ọwọ́ wọn ti yá níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló sì sábà máa ń lágbára àtijáde, nítorí náà kí a má fi gbogbo ìyásíwájú wọn sórí òkèèrè.

Sìmẹ́ǹtì Dangote, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkòyí níbí, kọ́ iléeṣẹ́ sí Etiópíà, Zambia àti Senegal. Ọjà tí yóò ti tà ló wá lọ, kì í ṣe ìmọ̀. Ìdókòwò náà ni, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹni tó ní "ìdókòwò òkèèrè" ti tó, ṣé èyí tó ti òkèèrè wá ni àbí èyí tó ń lọ? "Ìdókòwò sókèèrè" ni kí a kọ. "S" yẹn ló pààlà.

Ní ti "àtinúdá" tí àbúrò wa ará Yaba fẹ́ fi rọ́pò "ìmọ̀tuntun" fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní innovation, ohun tí Geely kọ́ ní Gothenburg, ṣé inú rẹ̀ ló ti wá? Kí ó dáhùn ìyẹn ná.